Amọ̀nà Lẹ́nu Iṣẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Òbí àti Ọmọ ní Òkè-Ògùn

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ ti ń dàgbà. Púpọ̀ nínú àwa òbí ni ó rò pé nígbà tí a bá ti san owó ilé-ìwé ọmọ tán, tàbí tí a bá ti fà á lé ọ̀gá oníṣẹ́ kan lọ́wọ́, iṣẹ́ tiwa ti parí. Ṣùgbọ́n a ń rí ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ tí kò mọ ilẹ̀kùn ẹni tí yóò kàn. A sì ń rí ẹni tí ó ti gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́, tí kò rí ẹni kan tí yóò kọ́ ọ bí a ti í díyelé ọjà tàbí bí a ti í bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Amọ̀nà ni kò ní.

Ta ni à ń pè ní amọ̀nà? Òun ni ẹni tí ó ti rìn lọ́nà iṣẹ́ náà ṣáájú wa, tí ó mọ̀ wá, tí ó ń sọ òtítọ́ fún wa nígbà tí iṣẹ́ wa kò bá dára, tí ó sì ń sọ̀rọ̀ wa ní rere níwájú àwọn tí ọwọ́ wa kò tíì tó. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn mọ ohun tí a ń wí. Ọmọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí òfì, òwú kíká ni yóò kọ́kọ́ mọ̀, kí ó tó mọ bí a ti í na òwú, kí ó tó mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́. Bí ìgbà ti ń lọ, yóò mọ ẹtù, yóò mọ àlàárì, yóò mọ sányán. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tí ó jẹ́ amọ̀nà a tún máa mú un dání lọ sí ọjà, a máa fi í han ẹni tí ń ta òwú ní àwìn, a sì máa wí fún oníbàárà tí ó ti Ìbàdàn tàbí Èkó wá pé, “Ọmọ yìí ni ó hun èyí.” Gbólóhùn kan yìí lè máa bọ́ ọmọ náà fún ogún ọdún.

Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé yín, ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ọmọ ilẹ̀ wa kan tí gbogbo ayé mọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí Àjàyí ní Òṣoògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821 ogun kó ìlú náà. Ìsẹ́yìn ni wọ́n kó àwọn ẹrú wá láti pín wọn, ní ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó. Ní ọdún 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí, ṣùgbọ́n Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gbà á sílẹ̀, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní oṣù kẹfà ọdún náà. Kò ní baba, kò ní ìyá nítòsí, kò sì mọ lẹ́tà kan.

Ìwé ni ó kọ́kọ́ fi ara jìn fún. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun, a sì fi í ṣe olórí àwọn ọmọ ilé-ìwé, a ń san owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ní ọdún 1825 ni Àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un, tí ó sì di Samuel Crowther. Ní ọdún 1827 ó wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Fourah Bay. Ní ọdún 1841, òun àti J. F. Schön, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, jọ bá àwọn òyìnbó gòkè odò Ọya. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ibà pa nínú ìrìn-àjò náà. Schön rí bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀wé sí Lọ́ńdọ́nù pé ó yẹ ní fífi joyè àlùfáà. Ní ọdún 1843 a sì fi í joyè náà.

Ẹ kíyèsí i pé iṣẹ́ ni Schön fojú rí kí ó tó mú kálàmù. Ní Lọ́ńdọ́nù, Henry Venn ni akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ C.M.S. láti ọdún 1841. Venn gbà pé àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà lè ṣe àkóso ìjọ ara wọn, ó sì wá ẹni tí yóò fi èyí hàn. Ó fi Crowther mọ àwọn ìjòyè ìjọba. Nígbà tí a fẹ́ fi Crowther joyè bíṣọ́ọ̀bù, òun tìkára rẹ̀ ń lọ́ra. Venn ni ó rọ̀ ọ́ títí ó fi gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 1864, ní Canterbury, ọmọ tí a ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn di bíṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí síbẹ̀, ibi tí ó kù gan-an ni a sì fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò jinlẹ̀. Venn kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1873. Lẹ́yìn rẹ̀ àwọn òyìnbó mìíràn dìde, tí wọn kò mọ ohun tí arúgbó náà ti là kọjá. Ní ọdún 1890 wọ́n jókòó ní ìgbìmọ̀ ní Ọ̀níṣà, wọ́n sì dá púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Crowther fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1891. Òyìnbó ni a fi sí ipò rẹ̀. A kò wí pé ikú Venn nìkan ni ó fa gbogbo èyí. Ayé ti yí padà, púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó ìgbà náà kò fẹ́ kí ènìyàn dúdú ṣe olórí wọn, àbùkù sì wà lára díẹ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn tí ń gbèjà rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù dákẹ́, kò sí ohùn mìíràn tí agbára rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ní amọ̀nà kan ṣoṣo, kí ó máa wá èkejì nígbà tí èkíní ṣì wà láàyè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, báwo ni a ti í rí amọ̀nà? Ẹ má ṣe kọ́kọ́ wá olówó tàbí ẹni ńlá tí ó wà lókèèrè. Ẹ wo ẹni tí ó fi ọdún márùn-ún tàbí mẹ́wàá ṣáájú yín nínú iṣẹ́ náà: nọ́ọ̀sì kan ní Ṣakí, olùkọ́ kan ní Políẹ̀tì Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ tí iṣu rẹ̀ ń dé ọjà láì bàjẹ́, ahunṣọ tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ má ṣe tọrọ owó, ẹ má sì ṣe wí pé, “Ẹ ràn mí lọ́wọ́,” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ mú iṣẹ́ yín lọ́wọ́ lọ, kí ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì wí pé, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo aṣọ tí mo hun yìí, kí ẹ sọ ibi tí ó kù sí fún mi.” Ìbéèrè kékeré tí ó lójú ni àgbà í fẹ́ dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ṣe ohun tí ó wí, kí ẹ sì padà wá jíṣẹ́ fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ a máa gba ìmọ̀ràn lọ, a kì í sì í rí wọn mọ́; ibẹ̀ ni àgbà ti í dáwọ́ dúró. Bí ó bá bá yín wí, ẹ má ṣe bínú. Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀, a bá àgbà jẹun.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ ilé amọ̀nà ọmọ yín. Ẹni tí ó ń fi ọmọ ro oko fún ọdún púpọ̀ láì kọ́ ọ ní ohunkóhun, agbẹ́rúsìn ni. Ẹni tí ó ní kí ọmọ fi ọ̀rọ̀ wọn pamọ́ fún ìyá rẹ̀, tàbí tí ó ní kí ọmọbìnrin dá wá bá òun lóru, ẹ tètè gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti rí ibi dúró sí lẹ́nu iṣẹ́ yín, a ní ìbéèrè kan fún yín pẹ̀lú. Ọmọ ta ni ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere fún ẹlòmíràn ní ọdún yìí? Kò ná yín ní owó. Ìwé ni Schön kọ.

Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù òbí tí ó ka ọ̀rọ̀ yìí bi ọmọ rẹ̀ pé, “Lẹ́yìn èmi àti olùkọ́ rẹ, ta ni ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ?” Bí ọmọ náà kò bá rí orúkọ kan dá, kí ẹ jọ jókòó kí ẹ wá orúkọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.