Ẹ Má Fi Eyín Ọmọ Ajá Ṣe Ẹ̀rín

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ajá ńlá nìkan ni ó yẹ kí a bẹ̀rù. Bí ajá kékeré inú ilé bá bu ọmọ jẹ lọ́wọ́, àwọn àgbà a rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Eré ni ó ń ṣe.” Ní èrò tèmi, ẹ̀rín yìí kò tọ́, pàápàá jùlọ ní irú ibi bíi Makoko.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba orí afárá Third Mainland kọjá, èyí tí a ṣí ní ọdún 1990, ẹ ó ti rí ilé pákó lórí òpó nínú ọ̀sà, níbi tí àwọn Ègùn apẹja ti fi ìdí kalẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Lórí irú pákó bẹ́ẹ̀ kò sí àgbàlá. Ajá tí ẹ̀rù bà lórí ilẹ̀ lè sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èyí tí ó wà lórí omi kò ní ibi tí yóò sá sí, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé tí ó dojú kọ ọ́ kò ní.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí ọ̀rọ̀. Eyín 28 ni ọmọ ajá kọ́kọ́ ń hù. Láti bí oṣù 3 títí dé oṣù 6 tàbí 7, ìwọ̀nyí a jábọ́, eyín 42 ti àgbà a sì hù. Èrìgì a máa dùn ún nígbà náà, a sì máa wá ohun tí yóò rún. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn tí a jọ bí wọn ni ó ti ń kọ́ ìwọ̀n: bí ó bá bù wọ́n jẹ jù, wọn a ké, eré a sì parí. Ẹni tí ó bá gbé ọmọ ajá kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8 ti já a gbà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́; ó di dandan kí òun fúnra rẹ̀ ṣe olùkọ́.

Ẹ̀kọ́ náà kò ṣòro. Bí ó bá bù ọ́ jẹ, dá eré dúró, dìde, kí o sì kọ ẹ̀yìn sí i fún ìgbà díẹ̀. Fún un ní okùn líle tí a ta ní kókó kí ó máa rún un. Má ṣe fi ọwọ́ rẹ bá a jìjàkadì. Kí gbogbo ará ilé sì máa ṣe bákan náà, nítorí bí bàbá bá kọ̀ tí ọmọ sì gbà, ajá kò ní mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé.

Àwọn kan yóò wí pé pàṣán ni oògùn rẹ̀. Èmi kò gbà. Pàṣán a máa kọ́ ajá láti bẹ̀rù ọwọ́, ajá tí ó sì bẹ̀rù ọwọ́ ni í bu ọwọ́ jẹ. Ìkìlọ̀ ni kíkùn ajá. Bí a bá lù ú títí tí kò fi kùn mọ́, agogo ni a gbà lọ́rùn rẹ̀, a kò gba eyín lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ni kí a kọ́ kí ó má ṣe fọwọ́ kan ajá tí ó ń jẹun, tí ó ń sùn, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú.

Àwọn àgbà ní, eyín tí ajá fi ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, òun náà ni ó fi ń bù ú jẹ. Eyín kan náà ni àrùn dìgbòlugi ń gbà wọ ara ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, púpọ̀ jùlọ ní Áfríkà àti Éṣíà, àti pé ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn, ó ṣọ̀wọ́n kí ènìyàn yè é. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur ti ilẹ̀ Fránsì gún ọmọ ọdún 9 kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ni a ti mọ̀ pé a lè ṣáájú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ajá bá bu ènìyàn jẹ tí ara sì bó, bí ó ti wù kí ajá náà kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Kì í ṣe omi ọ̀sà. Ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má sì se ẹ̀dọ̀ ajá náà jẹ. Ẹ má yára pa ajá náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀ kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ náà kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́.

Kí ajá tó bu ẹnikẹ́ni jẹ rárá, ẹ gbà abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un bí ó bá pé oṣù 3, kí a sì máa tún un ṣe bí dókítà ẹranko bá ti wí. Ilé ìwádìí ìjọba ní Vom lẹ́bàá Jos, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti abẹ́rẹ́ tí ẹni tí ajá bù jẹ yóò gbà léraléra.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹni tí kò bá lè kọ́ ajá rẹ̀, tí kò sì lè gbà abẹ́rẹ́ fún un, kí ó má ṣe sìn ín sí ilé tí ọmọdé ń rá.