Ìfura Kì Í Ṣe Ẹ̀rí

Nígbà tí Ààrẹ Nkrumah ṣí tẹlifíṣọ̀n Gánà ní ọdún 1965, ó ní ẹ̀kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi gbà pé ẹ̀kọ́ wà nínú eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pẹ̀lú. Ní Kumasi, bí abala tuntun bá parí láìfi apànìyàn hàn, àríyànjiyàn a bẹ́ sílẹ̀: ẹnìkan a ní ìyàwó olóògbé ni, ẹlòmíràn a ní, “Ẹ̀rí dà?” Ìbéèrè yìí ni kò sí lẹ́nu àwọn tó lu ìyá ẹni 90 ọdún pa ní Kafaba, ní àríwá Gánà, ní ọdún 2020, pé àjẹ́ ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi irú eré bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa láti wádìí kí wọ́n tó dájọ́. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.