Bí Ó Bá Jẹ́ 85, Kí Ó Jẹ́ 85

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn géèmù ogun oníṣirò. Irú géèmù tí mo ń wí ni èyí tí ènìyàn ti ń darí ọmọ ogun mélòó kan lórí pápá tí wọ́n pín sí ojú onígun mẹ́rin kéékèèké, tí ìhà kan yóò gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀ tán kí ó tó kan ìhà kejì, tí àwọn ọmọ ogun náà sì ń ní ìrírí kún ìrírí bí ogun ṣe ń gorí ogun. Àwọn kan ń pariwo pé irú géèmù bẹ́ẹ̀ ti dẹ̀ jù láyé òde òní. Àwọn mìíràn ń fèsì pé ó le jù, pé ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ kò wá ìyà wá sí ìdí kọ̀ǹpútà. Ní tèmi, ọ̀tọ̀ ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Géèmù lè le koko kí ó dùn, ó sì lè rọrùn kí ó dùn. Èyí tí n kò lè fara mọ́ ni géèmù tí ó ń purọ́ fún ẹni tí ó ń ṣe é, tí ó sì ń pe irọ́ náà ní ìrànlọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú XCOM: Enemy Unknown, tí ilé iṣẹ́ Firaxis ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2012. Àwọn àjèjì láti ojú ọ̀run gbógun ti ilé ayé, aṣeré sì ń kó ọmọ ogun mẹ́rin, tí ó lè di mẹ́fà bí ó bá yá, jáde lọ pàdé wọn. Kí ọmọ ogun kan tó yìnbọn, nọ́ḿbà kan á hàn lójú ẹ̀rọ: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 65, ìdá 85. Nọ́ḿbà yìí ni gbogbo ìpinnu dúró lé. Òun ni yóò sọ fún ọ bóyá kí o yìnbọn, tàbí kí o sá sẹ́yìn ògiri, tàbí kí o ju àdó olóró tí o ti ń fi pamọ́. Ohun tí ó wà nínú ewu náà kì í ṣe kékeré, nítorí ọmọ ogun tí ó bá kú kò ní jí mọ́. Bí aṣeré bá sì yan ètò tí wọ́n ń pè ní Ironman, kò sí àyè láti padà sẹ́yìn lọ tún un ṣe. Ẹni tí o ti fi ọ̀pọ̀ wákàtí tọ́ dàgbà, tí o ti fún lórúkọ, ló lọ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ní ìpele Easy àti Normal, nọ́ḿbà tí a rí lójú ẹ̀rọ kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń lò nígbà gbogbo. Bí aṣeré bá ń tàsé léraléra, ẹ̀rọ á rọra fi kún àǹfààní rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Bí ogun bá sì ti ń pa á jù, ẹ̀rọ á dín bí ìbọn ọ̀tá ṣe ń bà kù. Kò sí èyí tí yóò hàn nínú nọ́ḿbà náà. Jake Solomon, tí ó ṣe olórí àwọn tó ṣẹ̀dá géèmù yìí, kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó ti sọ ọ́ nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí inú aṣeré lè dùn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é yé mi dáadáa. Sid Meier, tí ó wà lára àwọn tó dá Firaxis sílẹ̀, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ níbi àpérò àwọn aṣẹ̀dá géèmù ní San Francisco lọ́dún 2010. Ó ní bí a bá sọ fún aṣeré pé agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan ti ọ̀tá, aṣeré náà gbà pé òun kò yẹ kí òun pàdánù rárá. Bí ó bá pàdánù, ìbínú dé. Ìṣirò sọ pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni yóò pàdánù, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn kì í gbọ́ ìṣirò. Nítorí náà wọ́n tún ìṣirò ṣe kí ó lè bá ọkàn mu. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èké náà ń bí. Aṣeré kan parí géèmù ní ìpele Normal. Ó ti rí i fún ọgbọ̀n wákàtí tàbí ogójì pé ìdá 85 fẹ́rẹ̀ẹ́ má tàsé. Ó gòkè lọ sí ìpele Classic, níbi tí wọ́n ti mú ìrànlọ́wọ́ abẹ́lẹ̀ náà kúrò. Ìsinsìnyí ni 85 wá di 85 gan-an. Ó yìnbọn, ó tàsé. Ó tún yìn ín, ó tún tàsé. Ó fìbínú pariwo pé kọ̀ǹpútà ń rẹ́ òun jẹ. Ìgbà tí ẹ̀rọ dẹ́kun irọ́ pípa ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é ní òpùrọ́! A kò sì lè dá a lẹ́bi, nítorí ẹ̀rọ náà ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ sí i, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n ogun yìí wà. Bí ọmọ ogun mẹ́rin bá yìnbọn tẹ̀ léra, tí ti ẹnì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá 85, àǹfààní pé kò sí ẹyọ kan tí yóò tàsé kò ju bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ìdajì ni kẹ̀! Ẹni tí ó bá mọ èyí kò ní fi ẹ̀mí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lé ìbọn mẹ́rin lórí. Yóò fi ẹnì kan sílẹ̀ sẹ́yìn ògiri, yóò tọ́jú àdó olóró kan de ìgbà tí nǹkan bá dàrú. Ìmọ̀ pé nǹkan lè dàrú, àti ìmúrasílẹ̀ dè é, ni gbogbo ẹwà irú géèmù yìí. Ẹni tí a bá fi irọ́ dáàbò bò kò ní í kọ́ ọ láéláé.

Mo lo ọdún pípẹ́ nídìí iṣẹ́ ìwé ìròyìn kí n tó wá sí orí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, bí iye ènìyàn tí ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ bá jẹ́ méje, méje ni a ń kọ. Kò sí olóòtú tí yóò ní kí a kọ mẹ́rin kí ọkàn òǹkàwé má baà bàjẹ́. Mo mọ̀ pé eré ni géèmù, ìròyìn kọ́. Ṣùgbọ́n iye ni iye ń jẹ́ níbi gbogbo, ẹni tí ó bá kọ ọ́ síwájú ènìyàn ti ṣe ìlérí nìyẹn.

Irọ́ irú èyí sì máa ń yí padà mú àwọn tó ni géèmù fúnra wọn. Géèmù tí XCOM ti ọdún 2012 jogún orúkọ rẹ̀ jáde ní 1994, Julian Gollop ará Ìlú Ọba ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìpele ìṣòro márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Àmọ́ àṣìṣe kan fara pamọ́ sínú ẹ̀dà ti orí kọ̀ǹpútà: ìpele yòówù tí aṣeré ìbáà yàn, kò ní pẹ́ tí géèmù á fi rọra dá a padà sí ti olùbẹ̀rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀jáfáfá yan ìpele tó le jù, wọ́n sì borí. Wọ́n ráhùn pé ó rọrùn jù. Nígbà tí wọn yóò fi ṣe èyí tí ó tẹ̀ lé e, Terror from the Deep ti ọdún 1995, wọ́n mú un le gan-an láti fi dá àwọn aráhùn yìí lóhùn. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àṣìṣe náà tó hàn síta. Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀rí tí kì í ṣe òtítọ́ ni wọ́n fi kọ́ odindi géèmù kan, àwọn tó rà á ló sì jìyà rẹ̀.

Ti Fire Emblem, tí ilé iṣẹ́ Intelligent Systems ní Japan ti ń ṣe láti 1990, lọ́jú díẹ̀. Láti èyí tó jáde ní 2002, The Binding Blade, wọ́n ní kí kọ̀ǹpútà mú nọ́ḿbà méjì, kí ó pín àpapọ̀ wọn sí méjì, kí ó tó fi wé iye tó wà lójú ẹ̀rọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí a kọ ní 90 ń bọ́ sí bí 98, ohun tí a kọ ní 10 ń lọ sílẹ̀ sí bíi 2. Ìyẹn náà kì í ṣe òtítọ́. Ohun tó mú kí n lè fojú fò ó díẹ̀ ni pé òfin kan náà ló de aṣeré àti ọ̀tá, kì í sì í yí padà nígbà tí aṣeré bá gòkè ìpele. Òṣùwọ̀n tó wọ́ ni, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ́ fún ẹni tó ń rà ni ó ṣe wọ́ fún ẹni tó ń tà.

Nínú Fire Emblem kan náà ni a ti rí bí a ṣe ń mú géèmù rọrùn láìpurọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá kú nínú rẹ̀ ti kú. Ní 2010 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ètò Casual sí i, níbi tí ẹni tó ṣubú ti ń padà wá lẹ́yìn ogun. Ètò yìí wà nínú Fire Emblem Awakening ti ọdún 2012 náà, géèmù tí wọ́n ti kìlọ̀ ṣáájú pé bí kò bá ta tó ẹ̀dà 250,000, wọn yóò pa orúkọ náà rẹ́. Ó ta ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn kan ṣì ń bú ètò Casual títí di òní pé ó ba géèmù jẹ́. N kò rí ohun tó bàjẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, aṣeré fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì mọ ohun tí ó yàn. Ẹni tí kò bá fẹ́, kí ó yan èkejì.

Ohun tó yẹ kí wọ́n bú wà nínú Awakening yẹn kan náà, ní ìpele tí wọ́n ń pè ní Lunatic+. Níbẹ̀, kọ̀ǹpútà á ṣàdédé pín ẹ̀bùn abàmì fún àwọn ọ̀tá, àwọn ẹ̀bùn tó ń sọ ìhámọ́ra aṣeré di asán. Bí ìpín náà bá burú, kò sí ọgbọ́n tó kù ju kí ènìyàn pa á, kí ó tún un ṣí, títí orí yóò fi ṣe é. Ìnira nìyẹn. Ìṣòro tí ó ń mú ọgbọ́n wá yàtọ̀ sí ìnira. Àwọn tí kò mọ̀ ju kí wọ́n sọ ẹ̀mí ọ̀tá di ìlọ́po méjì, kí wọ́n sì pè é ní ìpele tuntun, ń ṣe ohun kan náà.

Into the Breach, tí Justin Ma àti Matthew Davis ti Subset Games gbé jáde ní 2018, ni mo máa ń tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá ní òtítọ́ kò lè dùn. Pápá rẹ̀ kò ju ojú 64 lọ, ẹ̀rọ ajagun mẹ́ta péré ni aṣeré ní, ogun kan sì lè parí láàárín ìgbésẹ̀ bíi márùn-ún. Àwọn kòkòrò ràgàjì tí a ń bá jà kì í fi ohunkóhun pamọ́. Kí ó tó kàn ọ́ ni wọ́n ti fi hàn ọ́ ibi tí wọn yóò kọlù, iye tí yóò dunni, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọlù nínú wọn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Nítorí náà, iṣẹ́ rẹ kì í ṣe kí o máa gbàdúrà pé kí ìbọn bà. Iṣẹ́ rẹ ni kí o ti kòkòrò kan síwájú èkejì kí wọ́n pa ara wọn. Ó le, ó ń nani. Ṣùgbọ́n bí ilé bá wó lé àwọn ará ìlú lórí, aṣeré mọ ìgbésẹ̀ tirẹ̀ tó fà á, ó sì lè ka ìka rẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá mọ ayò ọlọ́pọ́n kò ní ṣe àlàyé púpọ̀ kí èyí tó yé e. Ọmọ 48 nínú ihò 12, gbogbo rẹ̀ wà níta gbangba. Ọ̀ta lè fìyà jẹ òpè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò sẹ́ni tí yóò fi ọmọ ayò kan pamọ́ sábẹ́ ọpọ́n kí òpè má baà sunkún. Bí ọ̀ta bá fẹ́ ràn án lọ́wọ́, yóò sọ ọ́ síta: padà, tún un ta.

Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣẹ̀dá géèmù kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìdá mẹ́wàá ta aṣeré lọ́rẹ nítorí pé ó ti tàsé lẹ́ẹ̀mejì, ọrẹ náà dára. Kí wọ́n kọ 95 síbẹ̀.