Owó Ilé ní Àgọ́-Ìwòyè: Ẹ Jẹ́ Kí A Máa San Án ní Sáà-Sáà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ọmọ tí kò rí ilé gbé ńkọ́, kí ni yóò máa wò?

Láti ọdún 1982 tí ìjọba Gómìnà Bísí Ọnàbánjọ ti dá Yunifásítì wa sílẹ̀ (orúkọ rẹ̀ náà ló sì ń jẹ́ láti 2001) ni àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá àwọn onílé Àgọ́-Ìwòyè gbé. Ìlú gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, n kò níí purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún tí mo wọlé, èmi àti bàbá mi wá yàrá láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Kí éjẹ́ǹtì tó gbé ẹsẹ̀ ló ti gba owó fọ́ọ̀mù. Yàrá àkọ́kọ́ ń jò. Kànga èkejì ti gbẹ. Ẹ̀kẹta dára, owó rẹ̀ kò sì ju ohun tí bàbá mi dì sápò lọ. Inú wa dùn. Ìgbà náà ni éjẹ́ǹtì yọ ìwé kan: owó àgíríméǹtì, owó kọmíṣọ̀n, owó ohun tí mo lè bàjẹ́. Nígbà tí a ṣírò wọn, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ilé fúnra rẹ̀. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí a fi padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlòmíràn ti wọbẹ̀. Orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ni mo sùn títí sáà náà fi parí.

N kò sọ pé owó ilé pọ̀ jù. Sìmẹ́ńtì wọ́n, páànù wọ́n, onílé náà lọ́mọ tó ń rán nílé-ìwé. Ohun tó ń pa wá ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gba owó ọdún kan. Oṣooṣù ni ìjọba ń sanwó fún òṣìṣẹ́. Ọjọ́ ọjà ni ìyá alájàpá ń jèrè tirẹ̀. Àní ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024, 20,000 náírà lóṣù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìnáwó akẹ́kọ̀ọ́. Onílé wo ló ń gba owó lóṣooṣù? Ọdún 2020 ńkọ́, tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa? Eku ló gbé yàrá, akẹ́kọ̀ọ́ ló san owó rẹ̀.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, kọ̀ fún onílé láti gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ó dára, ṣùgbọ́n òfin Èkó kò dé Ìjẹ̀bú, owó ọdún kan náà gan-an ló sì ń fa ẹ̀fọ́rí wa.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a máa san owó ilé ní sáà-sáà, kí owó àgíríméǹtì sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí ènìyàn kọ́kọ́ wọlé. Mo mọ èsì onílé: “Ẹ ó sá lọ.” Òótọ́ ni, mo mọ ẹnìkan tó gba ojú fèrèsé kó ẹrù rẹ̀ jáde lóru. Nítorí náà, kí ilé-ẹ̀kọ́ dúró sí àárín. Kí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ orúkọ ilé àti ayálégbé sílẹ̀. Ẹni tó bá jẹ gbèsè, kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé kílíáráǹsì rẹ̀ títí yóò fi san án. Àwọn ẹgbẹ́ mi kan yóò bú mi fún èyí. Kí wọ́n máa bú mi.

Àwọn ọmọ tuntun kò ní pẹ́ dé mọ́. Mo rí éjẹ́ǹtì kan lẹ́nu géètì lánàá, ó ti kó fọ́ọ̀mù tuntun dání.