Ẹ Má Fi Pamọ́ fún Àwọn Ọmọ

Ẹ̀yin òbí wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ mi ti mú mi dé ilé kan rí tí baba ibẹ̀ ń jáde lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ibi iṣẹ́ ni ó ní òun ń lọ. Irọ́ ni, ọsibítù ni ó ń lọ, níbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ fún bíi wákàtí 4. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Bí asẹ́ ti ń ya èèrí kúrò lára ògì ni kíndìnrín méjèèjì ń ya ìdọ̀tí kúrò lára ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n sì ń dà á sínú ìtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ni ó sábà máa ń ba asẹ́ yìí jẹ́ díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora kankan. Ẹni tí ó bá ń dúró de ẹsẹ̀ wíwú kí ó tó lọ rí dókítà lè ti pẹ́ jù.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi hàn pé àyípadà kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní APOL1, tí ó wọ́pọ̀ láàrin àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ń mú kí ewu àrùn yìí pọ̀ fún ẹni tí ó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá. Kì í ṣe gbogbo irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ń ṣàìsàn, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ohun tí ń ṣe baba rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà lọ yẹ ara òun wò?

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti ìtọ̀ díẹ̀ ni wọn yóò gbà. Ẹ béèrè fún méjèèjì, nítorí ti ìtọ̀ ni a sábà ń gbàgbé. Títí di 2021, ìlànà ìṣègùn níhìn-ín máa ń bu kún èsì ẹ̀jẹ̀ àwa ènìyàn dúdú, èyí tí ó lè mú kí kíndìnrín dà bí ẹni pé ó le ju bí ó ti rí lọ. Bí èsì yín bá ti ṣáájú ìgbà náà, ẹ lọ tún un ṣe.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, pàápàá oògùn ara ríro bí ibuprofen, tí ó lè pa kíndìnrín lára bí a bá ń lò ó lójoojúmọ́. Ẹ má sì fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Bí ó bá fẹ́ bá yín wí, ẹ jẹ́ kí ó wí tán, kí ẹ sì tún sọ fún un.