Ibà Tí Kò Gbọ́ Oògùn

Ẹ̀yin abiyamọ, bí ara ọmọ bá gbóná, oògùn ibà ni ọwọ́ wa kọ́kọ́ ń nà sí. Bí a bá lò ó tí ibà náà kò lọ ńkọ́? Ẹ má ṣe dúró mọ́, pàápàá ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, níbi tí ibà Lassa ti wọ́pọ̀.

Láàárín ọdún 2018 sí 2020, àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí lórí aláìsàn 510 tí ó ní ibà yìí ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀wọ̀. Méjìlélọ́gọ́ta nínú wọn ni ó kú. Ewu ikú pọ̀ gan-an fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti ń daṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbà wọ́n sílé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀ràn débẹ̀ kí ẹ tó lọ.

Irú eku kan tí ń wọlé ni ó ń gbé àrùn náà kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ a máa ba oúnjẹ jẹ́. Ẹ da gààrí sínú ike tí ó ní ìdérí, ẹ má sì sá èlùbọ́ sí ẹ̀bá títì. Ìdérí ike kò wọ́n tó ẹ̀mí ọmọ.