Ọ̀kọ̀ọ̀kan Là Ń Yọ Ẹsẹ̀ Lábàtà

Ẹni tó bá fẹ́ fa ẹsẹ̀ méjèèjì yọ nínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ńṣe ni yóò túbọ̀ máa rì. Àfi kó wá ibi tó le díẹ̀ tẹ̀, kó tó fa èkejì. Òwe yìí la sábà fi ń tu ẹni tí wàhálà wọ̀ lọ́rùn nínú, pé kó ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n sùúrù nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọgbọ́n mímọ ibi tí a ó kọ́kọ́ tẹ̀ wà nínú rẹ̀, ọgbọ́n yìí gan-an la kì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò.

Ẹ ní kí ọmọ Pírámárì 4 yọ 198 kúrò nínú 403. Ọ̀pọ̀ á kọ nọ́ńbà méjèèjì lé ara wọn. Nígbà tí 3 kò bá tó yọ 8, wọ́n á yí i: 3 nínú 8, ó ku 5, òdo nínú 9, ó ku 9, 1 nínú 4, ó ku 3. Ìdáhùn di 395. Ohun tó yọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba, ohun tó kù sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó, síbẹ̀ kò fura. Òfin "yá ọ̀kan" ló bọ́ lórí rẹ̀, kò sì sí ibòmíràn tó lè fẹsẹ̀ tẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, irú ọmọ yìí lè máa tajà láìṣi ṣẹ́ńjì. Lọ́dún 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nípa ọmọ márùn-ún tó ń tajà ní ìgboro Recife, ní Brazil. Nídìí ọjà, ìdáhùn wọn tọ̀nà ní nǹkan bí 98 nínú 100. Nígbà tí wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún wọn bíi ti iléèwé, nọ́ńbà lásán, ó já sí nǹkan bí 37. Wọ́n bi ọmọ ọdún 12 kan pé èló ni àgbọn mẹ́wàá, nígbà tí ẹyọ kan jẹ́ 35 kurusérò, owó Brazil nígbà náà. Kò fi òdo kún 35 bí tíṣà ṣe máa ń kọ́ni. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105; mẹ́ta sí i, 210; ó tún fi mẹ́ta kún un, 315; ó wá ku ẹyọ kan, 350. Iye mẹ́ta tó ti mọ̀ dunjú ló ń tẹ̀ kọjá.

Àwa náà ní irú ibi ìtẹ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èjìdínnígba, ìyẹn igba tó dín méjì, ni àwọn àgbà ń pe 198. Yọ igba nínú 403, ó ku 203. Méjì tí a yọ lé, dá a padà, 205. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń jáde ní Pírámárì 6 láìlè ka nọ́ńbà báyìí.

Mi ò ní kí a pa kíkọ ìṣirò sílẹ̀ tì. Nọ́ńbà ńláńlá nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọmọ tó mú bírò, kí tíṣà bi í pé, "Nǹkan bí èló ni yóò kù?" Lẹ́yìn ìdáhùn, kó tún bi í pé, "Báwo lo ṣe rí i?" Ẹnì kan á yọ igba, ẹlòmíràn á kà láti 198 dé 200, á sì tibẹ̀ dé 403. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀, ìdánwò ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ girama sì ń lé tíṣà bọ̀. Síbẹ̀, kíláàsì tó fi odindi àkókò kan ṣe ìṣirò méjì péré, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì lè ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀, tẹ́ mi lọ́rùn ju èyí tó da ogún ìṣirò kọ láti ojú pátákó lọ.